Àfòpiná “tuntun” láti Éṣíà kì í fọ́ni lójú

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp ní Ilé-Ifẹ̀ níbí: pé àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àfòpiná kékeré kan sílẹ̀ ní Éṣíà, pé bí lẹ́búlẹ́bú ara ìyẹ́ rẹ̀ bá ta sí ojú, ojú fọ́ nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́.

Kò sẹ́ni tó dá a. Kòkòrò náà ti ń fò tipẹ́. Orúkọ ni kò ní tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní “tuntun”. Àwọn kéékèèké yìí jọra bí ìbejì, ìyẹ́ àwọn míì ò ju mìlímítà mélòó kan lọ. Onímọ̀ nípa kòkòrò a máa gé ìdí rẹ̀, a fi kẹ́míkà yọ́ ẹran ara rẹ̀ dànù, a wá wo ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ ti ń hàn. Lẹ́yìn náà ló máa fún un lórúkọ, táá sì fi ẹyọ kan pamọ́ sí mùsíọ́ọ̀mù bí ẹ̀rí. (OAU náà ní mùsíọ́ọ̀mù ẹranko àti kòkòrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pín irọ́ yìí, ẹ ò ṣe yà níbẹ̀?)

Lẹ́búlẹ́bú yẹn, ìpẹ́ wínníwínní ni. Ó lè ta ojú díẹ̀. Ẹ fi omi ṣàn án. Irun ara àwọn kòkòrò onírun tó ń rá lórí ewé ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: òun lè gún ẹyinjú. Bó bá wọ ojú ọmọ, ẹ má jẹ́ kó ra ojú, ẹ gbé e lọ ọsibítù.