Nínú fíìmù àti díràmà àtijọ́ tó ní apá kejì, apá kẹta, èwo ló ju èwo lọ?

Ọlámilékan Ìbàdàn: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tán ni, láti páàtì 1 dé páàtì 3, mo wá ní kí n bi yín: nínú gbogbo fíìmù ayé ìgbà yẹn tó ní apá tó tẹ̀ lé ara wọn, àtàwọn díràmà tó pẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, èwo ló ju èwo lọ? Lójú tèmi ò sí èyí tó tó Ti Olúwa Ni Ilẹ̀. 1993 ni Túndé Kèlání gbé e jáde, Bàbá Wándé ló ṣe Ọ̀tún, ìjòyè tó bá wọn lọ́wọ́ sí i tí wọ́n ta ilẹ̀ òòṣà fún ẹni tó fẹ́ fi kọ́ ilé epo. Àwọn tí wọ́n jọ ta ilẹ̀ ń kú, ó wá ku òun nìkan, ikú ń lé e, ó ń sá kiri. Ẹ sọ tiyín, ṣùgbọ́n ẹ má kàn dárúkọ lásán, ẹ sọ ìdí ẹ̀.

Títí Sùúrùlérè: Ẹ̀gbọ́n Ọlámilékan, mo gbà pé Bàbá Wándé mọ iṣẹ́ gan, ṣùgbọ́n Jenifa ni tèmi o, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. 2008 ni Fúnkẹ́ Akíndélé kọ́kọ́ ṣe é, 2011 The Return of Jenifa dé, nígbà tó di 2014 ó sọ ọ́ di díràmà, Jenifa's Diary, ó tún wá gbé e lọ sí sinimá ní oṣù Kejìlá 2024, owó tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Sùlíátù tó ti abúlé wá sí yunifásítì l'Ékòó tó ní Jenifa lòun ń jẹ́, òun kan náà la ṣì ń wò lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, ta ló tún ṣe irú ẹ̀ nínú Yorùbá? Ọ̀tún yín ò ju kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ.

Bàyọ̀ Peckham: Àbúrò Títí, ṣé iye ọdún la fi ń mọ fíìmù tó dáa ni? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ o, torí mo rí i pé ẹ ti fẹ́ máa dà wọ́n pọ̀. Fíìmù tí ìtàn inú ẹ̀ gùn débi pé kásẹ́ẹ̀tì kan ò gbà á, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí fíìmù tí máàkẹ́tà gé sí méjì kó lè ta á lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tá a ti wà nílùú òyìnbó láyé kásẹ́ẹ̀tì VHS mọ̀ ọ́n dáadáa, o máa ra páàtì 1 ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, ìyàwó kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da májèlé sọ́bẹ̀ ìyáálé ni wọ́n máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ máa retí apá kejì, o ra apá kejì, ohun tó o ti wò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ ẹ́ lákòókò, ìyókù ẹ̀ ìpolówó fíìmù mìíràn ló kún ibẹ̀. Mi ò bá àwọn òṣèré wí, ẹni tó lówó ló ń pàṣẹ, ìwọ̀nba owó táwọn máàkẹ́tà Ìdúmọ̀tà bá sì mú wá ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ò sí lára ìyẹn, mo gbà fún Ọlámilékan. Ṣùgbọ́n tá a bá ní gbogbo páàtì 1, páàtì 2 la máa kà, a ò ní kúrò níbí lónìí.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin ọmọ yìí, àárín ìtàn lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé ńkọ́? Hubert Ògúndé, bàbá eléré ìtàgé, ńkọ́? Ayé jáde ní 1979, Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Ọ̀ṣẹ́túrá tó bá àwọn àjẹ́ jà nínú tàkọ́kọ́ ló tún padà wá, Bàbá fúnra wọn ló sì ṣe é. Orí ìtàgé làwọn méjèèjì ti wá, èèyàn ti mọ ìtàn ẹ̀ kó tó di fíìmù, síbẹ̀ wọ́n ń wọ́ tìrì lọ wò ó. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá wọn sọ èèyàn di ẹranko nígbà yẹn o! Kámẹ́rà àti ọgbọ́n orí ni. Fíìmù gidi ni wọ́n sì fi yà á, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e padà wálé, wọ́n á wá máa gbé ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri káàkiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, owó tó ń lọ sí i kì í ṣe kékeré, ẹni tí ò bá sì dá ara ẹ̀ lójú ò lè dán an wò. Bàbá tún ṣe Àrópin Ń Tènìyàn ní 1982, wọ́n ṣe Àyànmọ́ ní 1988, ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n fi ayé sílẹ̀. Ẹ má fi Jenifa wé ìyẹn lójú mi, ẹ jọ̀ọ́.

Títí Sùúrùlérè: Màmá, ẹ má bínú o, mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Ògúndé dọ́ba. Ṣùgbọ́n nínú àwa ọ̀rẹ́ tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ò sẹ́ni tó rí Ayé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnu àwọn òbí wa la ti gbọ́ ọ. Fíìmù tí ọmọ èèyàn ò rí wò, báwo la ṣe fẹ́ fi í borí èyí tí ọmọdé àtàgbà ń wò lórí fóònù?

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀bú: Pé o ò rí i wò ò sọ ọ́ di ohun tí ò dáa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí! Ilẹ̀ tó ní irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ síbi tí gbogbo ọmọ Yorùbá á ti máa rí i. Bó o bá wò ó wàá mọ ibi táwọn tó ń ṣe fíìmù ogun àti oògùn lónìí ti jí ọgbọ́n.

Bàbá Èkìtì: Ẹ jẹ́ n dá sí i. Ẹ ń sọ sinimá, ẹ ń sọ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ gbàgbé tẹlifíṣọ̀n tó máa ń kó gbogbo àdúgbò jọ sí pálọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Arelu! Jímọ̀ Àlíù ọmọ Òkèmẹ̀sí, táwọn èèyàn ń pè ní Àwòrò, ló ṣe eré yẹn. Láyé 1980 sí òkè, tó bá ti tó àsìkò ẹ̀, títì á dá páropáro. Fádèyí Olóró tó bá ti yọ báyìí, àwọn ọmọ á sá sẹ́yìn àga, tó bá bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́, ká má rí i kí iná lọ lásìkò yẹn, ẹkún ni. Òjó Arówóṣafẹ́ lorúkọ ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú náà, Òrìṣàbùnmi lẹni gbogbo mọ̀ ọ́n sí títí tó fi kú. Mo bi yín, eré wo tún ni orúkọ inú ẹ̀ borí orúkọ tí ìyá àti bàbá sọ ọmọ? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ báyìí, Àwòrò lọ ní 2020, Òrìṣàbùnmi ní 2021, Fádèyí ní 2023, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ọfọ̀ tí wọ́n ń pè nínú eré yẹn ní ìtumọ̀ o, ẹsẹ kan ń fa èkejì, kì í ṣe ariwo lásán tí wọ́n ń pa nínú fíìmù ìsinsìnyí tí iná á kàn máa bù yẹ̀rì látojú èèyàn.

Títí Sùúrùlérè: Bàbá, ẹ ní eré wo ni orúkọ inú ẹ̀ borí orúkọ àbísọ? JENIFA! 😂 Ẹ gbà á lẹ́nu ara yín.

Gbádé Iléṣà: Bàbá Sàlá náà ńkọ́, ṣé Moses Ọláìyá lẹ máa ń pè é nílé yín ni? Ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ bàbá aláwàdà rárá, ó dùn mí o. Láti orí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ló ti gbé Bàbá Sàlá lọ sínú Ọ̀run Móoru ní 1982, ó gbé e wọ Ààrẹ Àgbáyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, awò ojú ńlá tí ò ní díńgí, aago ògiri tó fi ṣe aago ọwọ́, ẹnì kan náà, àléébù kan náà, ojúkòkòrò àti ahun. Àwọn olè tó ṣe ẹ̀dà Ọ̀run Móoru sínú fídíò ló ba ti bàbá jẹ́, gbogbo owó tó fi ṣe é wọgbó. Wọn ì bá má ṣe é bẹ́ẹ̀, bóyá apá kẹwàá ni à bá máa sọ lónìí.

Akọ̀wé Ọ̀yọ́: Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dáa, ṣùgbọ́n ẹ ò tí ì débi ọ̀rọ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé kí ni apá kejì wá ṣe? Ṣé ó wá parí ohun tí tàkọ́kọ́ ò parí ni, àbí ó wá tún un ṣe, àbí ó ní ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu? Ìdí tí mo fi mú Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀ nìyẹn, Kèlání náà ló ṣe méjèèjì, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́.

Ẹ wò ó. Ṣaworoidẹ jáde ní 1999, ọdún táwọn ṣọ́jà gbéjọba sílẹ̀. Kí ló wà nínú ẹ̀? Ọba Jogbo tó kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́, tí ò fẹ́ bá ìlú mulẹ̀ torí ó mọ̀ pé òun fẹ́ jí owó ìlú, àwọn agégẹdú ń run igbó, àwọn ìjòyè ń gbowó, níkẹyìn ṣọ́jà fi ìbọn gbàjọba, Lágàta, ó dé adé tí ò tọ́ sí i, wọ́n lu ìlù ṣaworoidẹ tó ń pa ẹni tó bá dé adé láìgba gbẹ́rẹ́, ó kú. Gbogbo wa la mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí láìdárúkọ. Agogo Èèwọ̀ wá jáde ní 2002, ìjọba alágbádá ti lo ọdún mẹ́ta. Ìlú Jogbo kan náà, ṣùgbọ́n ọba tó wà níbẹ̀ báyìí, Adébọ̀sípò, èèyàn dáadáa ni, ó gba ẹ̀jẹ́, ó fẹ́ ṣe rere, síbẹ̀ ìlú ò gún, torí àwọn ìjòyè tó bá ọba burúkú jẹun ló ṣì wà láàfin yí i ká. Ìbéèrè ti yí padà! Tẹ́lẹ̀, a ń ní tá a bá sáà ti lé ọba burúkú lọ a bọ́, apá kejì wá ní ẹ ti lé e, ó wá kù kí ni, ta ló máa mú àwọn tó kù búra? Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé agogo èèwọ̀ jáde. Kò sí fíìmù mìíràn nínú gbogbo èyí tẹ́ ẹ dárúkọ tó wo ìlú lójú lẹ́ẹ̀mejì báyìí, tó sì rí nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bàyọ̀ Peckham: Akọ̀wé, o sọ̀rọ̀. Ẹ tún jẹ́ n fi kún un: Déjúmọ̀ Lewis tó ṣe Adébọ̀sípò yẹn, òun náà ló ṣe kábíyèsí ìlú Ọjà nínú Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, eré tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1968 dé 1988. Torí náà ojú táwọn àgbà fi wo ọba Jogbo yẹn, ojú ẹni tí wọ́n ti mọ̀ lórí ìtẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe Village Headmaster, mi ò lè fi ṣe àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ká má gbàgbé ẹ̀.

Ọlámilékan Ìbàdàn: Akọ̀wé, mo gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n Agogo Èèwọ̀ ti ń kọ́ni jù. Tó o bá ń wò ó ó dà bíi pé ẹnì kan jókòó tì ẹ́ tó ń ṣàlàyé. Ṣaworoidẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá Fálétí tó ṣe Ọ̀pálábá á sọ gbólóhùn kan péré, ìwọ á lọ ronú ẹ̀ fúnra ẹ. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, ẹ̀rù Ọ̀tún ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ojú Bàbá Wándé nígbà tó bá gbọ́ ìró kékeré! Kò sẹ́ni tó wàásù fún mi pé má jí ilẹ̀, mo kàn rí ohun tó ń ṣe ẹni tó jí i. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹni méjì, ẹni mẹ́ta l'Ékòó àti n'Íbàdàn títí dòní ńkọ́, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ti tán ni?

Akọ̀wé Ọ̀yọ́: Mo gbà pé Ṣaworoidẹ dùn ju Agogo Èèwọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tá a ń sọ kọ́ nìyẹn. Ọ̀tún ní páàtì 3 ò ní ìṣòro mìíràn ju èyí tó ti ní ní páàtì 1, ìtàn kan ni, ó gùn, ó dáa, ó parí.

Títí Sùúrùlérè: Tó bá jẹ́ pé ìyípadà lẹ̀ ń wá, ẹ padà sọ́dọ̀ mi. Jenifa 2008 ń wá ọkùnrin olówó àti ìgbé ayé ọmọge ìlú ńlá. Ti Jenifa's Diary ń dirun nínú sálúùnù, iṣẹ́ ọwọ́ ló fi ń jẹun, ó ń tọrọ owó ilé, ó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ pín oúnjẹ. Òyìnbó ẹ̀ ò tíì já gaara, kò sì tijú ẹ̀ mọ́. Àwa ọmọbìnrin tá a ti ìgbèríko wá Èkó rí ara wa nínú ẹ̀. Ọba àti ìjòyè nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ ayé o. Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ̀ ń ka ààfin sí ìtàn ńlá, ẹ wá ń ka sálúùnù sí ṣeréṣeré.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀bú: Ìyẹn bọ́ sí i, ọmọ mi. Mo gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ.

Gbádé Iléṣà: Kí wọ́n wá ṣe apá kẹta Jogbo kí ìjà parí jàre. Kèlání ṣì wà.

Akọ̀wé Ọ̀yọ́: Ta ló máa kọ ọ́? Bàbá Fálétí lọ ní 2017, Ìṣọ̀lá lọ ní 2018. Èdè Jogbo ò sí lẹ́nu ẹni tó bá kàn mọ Yorùbá sọ.

Bàyọ̀ Peckham: Àwọn tó lè kọ ọ́ pọ̀ ní yunifásítì àti níta, owó ni wọn ò rí. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé bí Ògúndé ti ń ṣe, kí èrò wò ó, kí wọ́n gbọ́ ibi tí èdè ti ń kọsẹ̀, kámẹ́rà á wá kẹ́yìn.

Bàbá Èkìtì: Tó bá jẹ́ orí ìtàgé ni, màá wọkọ̀ láti Èkìtì wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ ọfọ̀ dénú, kì í ṣe ẹni tó ń kà á látinú fóònù.