Ta Ni Yóò San Owó Bọ́ọ̀sì Ìkògòsì?

Láti Adó-Èkìtì dé Ìkògòsì kò jìnnà. Ẹni tó bá gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá, tó já sí Arámọ̀kọ, tó sì yà gba Erínjìyàn, kò ní pẹ́ gúnlẹ̀ síbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó pàdé. Òkèèrè làwọn èèyàn ti ń wá wò ó. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta lè lo ọdún mẹ́rin ní fásitì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ibẹ̀. Bí olùkọ́ bá sì fẹ́ kó wọn lọ, olórí kíláàsì ni yóò gbé bébà, tí yóò máa kọ orúkọ ẹni tó ti dá owó bọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò rówó dá, á ní ara òun kò yá. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá dé, á da ìwé wọn kọ, á sì fi yege ìdánwò.

Èrò wa ni pé owó yẹn kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ láti dá, kì í sì í ṣe ti olùkọ́ láti yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Bí àfojúrí àti àfọwọ́ṣe bá jẹ́ ara ẹ̀kọ́, ó yẹ kí owó rẹ̀ wà nínú ìṣúná fásitì, lórúkọ ara rẹ̀, bí owó iná àti owó epo jẹnẹrétọ̀ ṣe wà níbẹ̀.

Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ilẹ̀ Èkìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ìṣàn-Èkìtì kò fi bébà kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Amọ̀ ló kó lé e lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn tí Olówè, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1924, àwọn aláwọ̀ funfun sì ń sanwó ọkọ̀ lọ wò ó. Ọmọ Èkìtì tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà kò lè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n Fásitì Bámidélé Olúmilúà wà nínú Ìkẹ́rẹ́ kan náà tí ààfin yẹn wà. Kí ló dé tí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹ́gilére kò fi lè jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ ọdún kejì? Nǹkan díẹ̀ ni yóò ná ni: owó ọkọ̀, igi, àti owó ọwọ́ fún oníṣẹ́ náà. Ti owó ọwọ́ yìí ká wa lára gan-an. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti fi kọ́ra láti rán ọmọ sí àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ àti aláró pé kí wọ́n kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni pé àkókò olùkọ́ tí kò ní dìgírì kò níye lórí.

Àwọn kan á ní ṣebí IT wà, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ níbi iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ó wà lóòótọ́. Láti ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ti dá ètò IT yìí, tí wọ́n ń pè ní SIWES, sílẹ̀, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ lóore. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló sábà máa ń wáyé, nígbà tí ẹ̀kọ́ ti fẹ́ parí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ìtàn àti èdè kò sì sí nínú rẹ̀. Ohun tí à ń sọ yàtọ̀: kí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní owó kékeré tirẹ̀, láti ọdún kìíní. Kí ẹni tó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn lọ wo oko màlúù oníwàrà ní Ìkun. Kí ẹni tó ń kọ́ ìtàn lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kí wọ́n tó lọ tán.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti di ohun tó ń lé ọmọ tálákà sẹ́yìn. Ẹ̀yáwó NELFUND, tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ń san owó iléèwé tó wà lákọsílẹ̀. Owó tí wọ́n ń dá nínú kíláàsì kò sí níbẹ̀. A kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí fi kún owó iléèwé. Bí wọ́n bá fi kún un, ẹrù kan náà la tún gbé padà sórí ọmọ tálákà yẹn.

A mọ èsì tí àwọn aláṣẹ yóò fọ̀: owó oṣù ń bẹ nílẹ̀ láti san, òrùlé ń jò. Òótọ́ ni. A kò ní kí wọ́n má kọ́lé, ilé tí TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ná owó sórí ilé ẹ̀kọ́ gíga, kọ́ sì wúlò fún wa. Àmọ́ ilé ló ṣeé fi orúkọ sí lára, òun ló ṣeé ṣí níṣojú oníròyìn. Ìrìn-àjò ọjọ́ kan sí ìsun omi kò ní òkúta ìrántí, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í rí ẹni jà fún un.

Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé wọn yóò jẹ owó náà. Ìbẹ̀rù yẹn kò burú. Kí fásitì lẹ iye tó wọlé fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, kí rìsíìtì bọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó nínú ọkọ̀ náà mọ̀ bóyá ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn.

Nítorí náà, a bẹ Gómìnà àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkìtì pé, nínú ìṣúná tó ń bọ̀, kí wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ fún EKSU, fásitì ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, àti fásitì tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, tí kò ṣeé yí sí nǹkan mìíràn. Kí ìjọba àpapọ̀ ṣe bákan náà fún FUOYE, fásitì tirẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Kí owó náà sì dé ọwọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà, kí olórí kíláàsì tó gbé bébà rẹ̀ jáde.