Àtúnṣe: Wọn kì í ṣàdédé yìnbọn fún bàálù lókè Washington

Ohùn kan ń kiri lórí WhatsApp àwa ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà: pé kò sí bàálù tó gbọ́dọ̀ fò lókè Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, pé èyí tó bá ṣèèṣì yà síbẹ̀, wọ́n á yìn ín lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá kan tó ń ta léèsì ti ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó má lọ mọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà.

Irọ́ ni. Pápákọ̀ òfurufú Reagan wà létí odò Potomac, ìlú náà ló kọjú sí. Ojoojúmọ́ ni bàálù èrò ń tẹ̀lé odò yẹn wọlé. Ibi tí wọ́n fòfin dè pátá kò tóbi: òkè White House, ilé aṣòfin àti agbègbè wọn, láti ilẹ̀ dé 18,000 ẹsẹ̀ bàtà. Láti pápákọ̀ náà dé nǹkan bí kìlómítà 55 yíká, àṣẹ ni awakọ̀ ń gbà kó tó wọlé.

Ẹni tó ṣìnà ńkọ́? Wọ́n á pè é lórí rédíò, wọ́n á tan iná laser pupa àti àwọ̀ ewé sí i, bàálù ogun á lọ bá a. Ohun ìjà tó ń já bàálù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn kì í ṣe àlọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2015, ọkùnrin kan fi ọkọ̀ òfurufú ẹlẹ́ni kan balẹ̀ sórí koríko ilé aṣòfin gan-an. Ọlọ́pàá ló wá mú un. Ní oṣù kẹfà 2023 ẹ̀wẹ̀, bàálù ogun F-16 sáré lé bàálù kan tí kò dáhùn ìpè, ariwo eré rẹ̀ sì mi ilé ní Washington. Fúnra bàálù náà ló já ní Virginia. Ẹnikẹ́ni kò yìnbọn sí i.