Kí ni helper tuntun fẹ́ gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí ìlà kóòdù mẹ́ta tó jọra níbi méjì nínú kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), ara wọn kò ní gbà á. Wọ́n á kó o pọ̀ sínú helper kan, ìyẹn kóòdù kékeré tí àwọn kóòdù míì lè máa pè, wọ́n á fún un lórúkọ, wọ́n á fi patch (àtúnṣe kóòdù) ránṣẹ́. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ lójú tèmi, jíjọra nìkan kò tó. Àṣìṣe wo ni helper yìí fẹ́ gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀? Tí kò bá sí èsì, kó máa lọ.

Ẹ wo kmalloc_array. Kó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ àyè nínú mẹ́mórì fún nǹkan púpọ̀ á ṣírò iye wọn lọ́nà ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gbé e fún kmalloc tó ń pín àyè mẹ́mórì nínú kernel, ó parí. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ 32-bit, òǹkà kì í dé 4,294,967,296. Tó bá ti débẹ̀, òdo ló ń padà sí. Ká ní ẹnì kan láti ìta béèrè àyè fún nǹkan 268,435,457, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 16. Èsì rẹ̀ jẹ́ 4,294,967,312, ẹ̀rọ á sì kà á sí 16. Báìtì 16 péré ni kmalloc máa fún un, kóòdù yòókù á wá máa kọ nǹkan síbẹ̀ bíi pé àyè ọ̀hún lọ salalu. Ibẹ̀ làwọn olè ń gbà wọlé. Kmalloc_array máa ń yẹ ìṣírò náà wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tó bá ti kọjá ààlà, NULL, ìyẹn ni pé kò fún un láyè kankan, ló máa dá padà. Ohun táwa èèyàn máa ń gbàgbé ló gbà ṣe. Èyí ni mò ń pè ní helper!

Ẹ wá wo str_plural. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ 1, kò fi nǹkan kan kún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fún yín ní "s" tí ẹ máa fi parí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ rẹ̀ tán. (Ọpẹ́lọpẹ́ Yorùbá, ìwé kan, ìwé mẹ́wàá.) Ohun tí ojú ń rí kedere lórí ìlà kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀, ó di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ lọ wá nínú fáìlì mìíràn kó tó yé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má bínú sí mi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé helper dà bí ayálégbé, ọjọ́ tó kó wọlé kò le, lílé e jáde ni iṣẹ́. Ẹ wo strlcpy, helper tó ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ibì kan síbòmíràn nínú mẹ́mórì. Inú OpenBSD, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Linux, ló ti wá, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí pé strncpy tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lè má fi òdo, tó jẹ́ àmì ìparí, parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n strlcpy gbọ́dọ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ tó ń dà kọ ṣe gùn tó, ó sì ń kà á dé òpin, kódà kó jẹ́ báìtì mẹ́jọ péré lẹ fẹ́. Tí kò bá sí òdo lópin ọ̀rọ̀ ọ̀hún, á kà wọ inú mẹ́mórì onímẹ́mórì. Lọ́dún 2015 ni strscpy dé láti gbapò rẹ̀. Ọdún 2024, nínú kernel 6.8, ni strlcpy ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èsì táwọn méjèèjì ń dá padà kò dọ́gba: tí àyè kò bá gba ọ̀rọ̀ tán, -E2BIG, tó jẹ́ àmì àṣìṣe, ni strscpy máa sọ. Nítorí náà, wọ́n ní láti máa yẹ àwọn tó ń pè é wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé helper tuntun wá, àwọn tó fẹ́ lò ó ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tí mo bá rí i pé kó tó lè bá ibi mẹ́ta mu, wọ́n ní láti kó true, false, true (bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni) tì í lẹ́yìn láti sọ ohun tí ibì kọ̀ọ̀kan fẹ́, a jẹ́ pé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra tẹ́lẹ̀. Kí kálukú máa kọ ìlà mẹ́ta tirẹ̀ lọ.