Ẹbí Kọ́ Ni Àlékún Nínú Eré Ìfẹ́
Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ pé nínú eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín, ìlépa ọ̀dọ́bìnrin tí eré dá lé lórí àti olólùfẹ́ rẹ̀ ni kókó, pé àwọn ẹbí rẹ̀ tí ìwà wọn ṣàjèjì kàn wà fún ẹ̀rín ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Iléṣà níbí, níbi tí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló ti máa ń jáde lọ ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, kò sí ẹni tó ń lépa ohun ńlá tí ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá kò ní dá sí i. Ẹ wo ọjọ́ ìdána: alága ìdúró yóò kọrin títí, alága ìjókòó yóò ní ohùn rẹ̀ kò tíì dùn tó, àfi kó sanwó ìtanràn, ọkọ ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, yóò dọ̀bálẹ̀ títí iwájú agbádá rẹ̀ yóò fi gba eruku. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ẹbí ti ń wo ọkọ ìyàwó bóyá ipò rẹ̀ ti ń mú un gbéraga. Mo bẹ àwọn òǹkọ̀wé eré wa, kí wọ́n jẹ́ kí ìyá àgbà tó ń dá sí gbogbo ọ̀rọ̀ ní ìdí tó fi ń dá sí i.