Ẹni tó ń ta báńgà ni kí òfin kọ́kọ́ mú

Lọ́dọọdún, bí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ní ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn a máa kéde pé àwọn ti fòfin de báńgà àti nọ́kááòtù, àwọn ohun tó ń dún bí ìbọn tí àwọn ọmọdé ń yìn lásìkò ọdún. Rédíò á kà á, a ó gbọ́ ọ, ìró á sì tún gba ìgboro Adó-Èkìtì kan láti Òkèṣà dé Basiri. Bí ọwọ́ bá tiẹ̀ tẹ ẹnikẹ́ni, ọmọdé tó mú ìṣáná dání ni. Ẹni tó kó o wọ̀lú ní páálí páálí ń ka owó rẹ̀ nílé.

Èrò tiwa ni pé ìkìlọ̀ yìí kò tó, ibi tí kò sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba Èkìtì àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa lé báńgà kúrò ní ìsọ̀, kí wọ́n tó máa lé ọmọ ọdún mẹ́wàá káàkiri àdúgbò.

Ní Èkìtì ti òde òní, ìró kì í ṣe ohun eré. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò-Èkìtì àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùré-Èkìtì. A kò tíì gbàgbé, kò sì yẹ kí a gbàgbé. Bí nǹkan bá dún gbòlà lóru ní Òkè-Àkó, ó yẹ kí ọdẹ àti ọmọ ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìbọn ni, kí aládùúgbò sì ti ìlẹ̀kùn, kó pe ẹni tó yẹ kó pè. Nínú oṣù Kejìlá, ta ló lè mọ̀? Báńgà ti kọ́ wa láti gbọ́ ìró ìbọn kí a sì yí ẹ̀gbẹ́ kejì sùn. Èyí nìkan tó ìdí fún òfin, ká má tiẹ̀ tíì mẹ́nu ba àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí àyà rẹ̀ ń já ní gbogbo ìgbà tó bá dún.

Kì í ṣe pé ìró ṣàjèjì sí wa. Àwọn ọdẹ ń yìnbọn níbi ìsìnkú ẹgbẹ́ wọn àti níbi ọdún ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó yìn ín, a sì mọ olórí ọdẹ tí yóò dáhùn fún un. Èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ tó ń ran iná lọ́wọ́, tí í ṣe ẹ̀tù ìbọn ṣakabùlà, náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ báńgà. Báwo ni ohun tí a kì í fi síkàáwọ́ ọmọdé nínú ilé ọdẹ ṣe wá di ohun tó ń rà pẹ̀lú súìtì? Kódà ọ̀pá tíńtín tó kàn ń ta iná pàràpàrà, tí àwọn òbí rò pé kò léwu, iná rẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 1,000 lórí òṣùwọ̀n tí omi ti ń hó ní 100.

Ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí ló tún bà wá lẹ́rù jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2012, ilé tí wọ́n kó báńgà sí ní Jankara, ní Erékùṣù Èkó, bú gbàù. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ èèyàn farapa, àwọn ilé tó wà nítòsí sì jóná. Ní ìlú Enschede ní Netherlands, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ilé ìkẹ́rùsí irú nǹkan yìí pa èèyàn 23, ó sì run odindi àdúgbò. Ti Bódìjà ní Ìbàdàn, ní oṣù Kínní ọdún 2024, kì í ṣe báńgà; ìjọba Ọ̀yọ́ sọ pé ohun abúgbàù àwọn awakùsà ni. Ṣùgbọ́n inú ilé láàárín èrò ni òun náà wà, tí aládùúgbò kò sì mọ̀. Ẹ wá wo Ọjà Ọba ní Adó, bí ìsọ̀ ṣe fara ti ìsọ̀, nínú ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ti gbẹ táútáú. Ta ló mọ ìsọ̀ tí páálí báńgà wà níbẹ̀?

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yìí kọjá agbára ìpínlẹ̀. Lóòótọ́, ìwé òfin 1999 fi ohun abúgbàù sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, òfin ohun abúgbàù ti ọdún 1964 sì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1999 kan náà ló fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ lórí ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ kéékèèké. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni Èkìtì ní. Kò sí èyí tó nílò Abuja kó tó lè sọ fún ọlọ́jà pé ẹni tí a bá bá báńgà ní ìsọ̀ rẹ̀ yóò pàdánù ìsọ̀ náà.

A kò fẹ́ kí ọdún dákẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé òfin á pa ayọ̀ ọdún, ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Ní Jámánì, ọjọ́ mẹ́ta péré ní ìparí ọdún ni wọ́n ń tà á fún ará ìlú. Ní Britain, yíyìn ín dẹ́kun ní aago mọ́kànlá alẹ́, àfi àwọn alẹ́ ọdún díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Tiwa lè rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ìjọba yan gbàgede kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn yìn ín lóru ọjọ́ tí ọdún tuntun bá ń wọlé, kí àwọn panápaná wà níbẹ̀, kí Àmọ̀tẹ́kùn sì ti mọ wákàtí rẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìró yòówù tó bá dún, kí a kà á sí ìbọn.

Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ pe àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà jókòó kí oṣù Kẹwàá tó parí, kí àwọn panápaná sì láṣẹ láti wọ ilé ìkẹ́rùsí èyíkéyìí lọ wò ó. Ìgbà yẹn ni ọjà ọdún ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí wọ́n bá tún dúró di oṣù Kejìlá, páálí á ti tú, báńgà á sì ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa.