Tíṣà ni Akíntọ́lá kó tó di lọ́yà

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ohun tí ẹ kọ pé lọ́yà ni Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá láti ìgbà èwe, pé kò ṣe iṣẹ́ mìíràn kó tó kan òṣèlú. Ẹ dákun, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Tíṣà ni wọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Onítẹ̀bọmi. Láti 1930 títí di 1942, ọmọ ni wọ́n ń kọ́ ní Baptist Academy l'Ékòó. Ọdún méjìlá gbáko níwájú pátákó! Ṣé ohun tó yẹ ká fò dá nìyẹn? Ó dùn mí, torí àwọn tíṣà ọ̀dọ́ ìlú wa tó ń rò pé ó ti pẹ́ jù fún wọn láti kọ́ nípa òfin ló ń ka irú ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní rélùwéè, wọ́n di olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service. 1946 ni wọ́n lọ sí Ìlú Ọba; 1950 ni wọ́n di lọ́yà, lẹ́ni nǹkan bí ogójì ọdún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún un kọ.